Orin Bàbá Khamidun Nínú Kànga

Ọdún 1951 ni a bí olóògbé, Bàbá Khamidun Agali, ní abúlé Tazelit láàárín àwọn òkè Aïr, ní ilẹ̀ Niger. Bàbá wọn, Agali, fi ràkúnmí kó iyọ̀ títí ẹsẹ̀ fi kọ̀. Ìyá wọn, Tamimt, ló kọ́kọ́ gbin àlùbọ́sà sórí ilẹ̀ yanrìn tí à ń rí jẹ lórí rẹ̀ títí dòní.

Bàbá kọ́ Kùránì fún ọdún mẹ́ta. Wọn ò dé ilé-ìwé Faransé. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá kó ọmọ lọ síbẹ̀, ìyá wọn fi wọ́n pamọ́ sáàárín igi dàbínù.

Ní 1973, ọ̀dá mú. Ẹ̀gbọ́n wọn, Elias, sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láti gbẹ́ ẹ jìn sí i, Bàbá sì dúró ti akọ màlúù tó ń fa okùn. Ní Tazelit, ẹni tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọrin. Bí orin bá ń lọ, a kì í fọwọ́ kan okùn, torí fífà òjijì lè wó ògiri. Bí orin bá dá, kí a fà á jáde kíá. Elias dákẹ́. Bàbá rò pé omi ni ẹ̀gbọ́n àwọn ń mu. Kí màlúù tó gbéra, ògiri ti wó pa á.

Láti ọjọ́ náà ni ìdákẹ́jẹ́ ti ń ba Bàbá lẹ́rù. Wọ́n fẹ́ ìyá wa, Ghaïshatou, ní 1976, wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, kò sì sí èyí tó lè dákẹ́ jẹun nínú wa. Láàárín ebè tòmátì ni wọ́n ti máa ń pariwo: "Ta ló dákẹ́ yẹn? Ẹ sọ̀rọ̀ jàre!" A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ a máa ń dá wọn lóhùn kíá. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe ládàánì mọ́sálásí wa, wọ́n sì ń fún àwọn opó ní irúgbìn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ẹ̀rọ afami àwọn aládùúgbò mú kí omi kànga wa lọ sílẹ̀ jìnnà. Ó ku kí àlùbọ́sà mu omi lẹ́ẹ̀mejì péré kó tó gbó. Raliatou, àbíkẹ́yìn wọn, ti so okùn mọ́ ìdí láti lọ gbẹ́ kànga náà jìn sí i, nígbà tí Bàbá wá tú u.

"Ìwọ kọ́," ni wọ́n wí. "Bí mo bá ti dákẹ́, má dúró ronú o. Da màlúù." Wọ́n so okùn náà mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń kọrin sọ̀ kalẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Raliatou ń bẹ̀ wọ́n, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ kí n fà yín!" Ohùn Bàbá ń gbọ̀n, ẹ̀rù ń bà wọ́n gan-an, síbẹ̀ wọ́n tún gbé orin sókè sí i, torí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun. Nígbà tí orin dá, Raliatou ò dúró ronú. Ó fà wọ́n jáde láàyè, ṣùgbọ́n iyanrìn ti fọ́ wọn láyà. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá jẹ́ ìpè Ọlọ́run.

Wọ́n fi ìyàwó sílẹ̀, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti oko àlùbọ́sà. Omi tí wọ́n rí tó fún oko lẹ́ẹ̀kan, kí iyanrìn tó dí i. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan kí àlùbọ́sà tó gbó.

Lọ́jọ́ Ajé, Raliatou yóò sọ̀ kalẹ̀, ìyá wa yóò sì dúró ti màlúù.

Bàbá, ẹ sùn re o. Bí ẹ bá gbọ́ orin lábẹ́ ilẹ̀, ọmọ yín ni. Ẹ bá wa fetí sí i.