Búrẹ́dì Elésè Àlùkò

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bìní, lórí sìmẹ́ńtì tútù ilé ìdáná mi. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní mo ní ẹ̀yìn ríro náà á fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ kí Adéọlá àbúrò mi tó ń tọ́jú yín, tí yóò sì ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Òun ló sọ fún mi pé ẹ ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ilé, nínú ooru Ìkìrun. Mo bi yín lórí fóònù, ẹ ní òtútù ni. Òtútù wo, Ìyá mi? Bí mo bá sì tún béèrè, ẹ ó fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì fi í síta, kí gbogbo ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà lè bá wa kà á. Ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ yín dé gbangba.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Búrẹ́dì tí kò ní fúláwà ni mo ṣì ń ṣe, fún àwọn tí dókítà ti ka fúláwà léèwọ̀ fún. Ẹ̀gúsí lílọ̀ ni mo fi ń ṣe é, pẹ̀lú ẹyin, àti èèpo kóró kan tó ń ti Íńdíà wá tí wọ́n ń pè ní sáílíọ́mù. Èèpo náà fúyẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ sín sí i, ṣùgbọ́n bí omi bá ti kàn án, á máa yọ̀ bí ilá, òun ló ń di búrẹ́dì náà mú. Ọkọ mi, tó ń ta táyà ní Aduwawa, ní táyà òun rọ̀ ju búrẹ́dì mi lọ. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ èyí tó bá ṣẹ́kù. Ẹ bá mi bá a wí.

Òjò ibí kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ pupa á di ẹrẹ̀, ògiri á máa làágùn, aṣọ tí mo sá á tún padà wọlé bó ṣe jáde. Láràárọ̀ ni fèrè àwọn sójà máa ń dún láti bárékè tó wà ní Ekenwan, á sì dà bíi pé wọ́n ń pe ẹnì kan tó kọ̀ tí kò dáhùn. Ọkọ mi á ti lọ. Tiwa ọmọ-ọmọ yín gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Pìjìnì ló fi ń dá mi lóhùn. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé èmi àti ìyẹ̀fun nìkan la jọ ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Ẹni tí kò jẹ́ kí ó pa mí ni onílé wa, ìyá Ẹ̀dó kan. Iye ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá níbí nìyẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ìyè tiwa ni wọ́n ń wí, mo ní ta ló fún wọn ní irú orúkọ yìí. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn jà bó ṣe ń bá yín jà. Láràárọ̀ ni mò ń gbé búrẹ́dì lọ bá wọn níbi tí wọ́n ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun nínípọn lẹ́sẹ̀ wọn. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kì í bọ́ ọ. Wọ́n ní òtútù ni.

Ọjọ́ kan, bekin páúdà tí mo fi ń mú búrẹ́dì wú tán mọ́ mi lọ́wọ́, òjò ò sì jẹ́ kí n dé ọjà Ekiosa. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí káún tí mo rà sílẹ̀ fún ẹ̀wà. Mo rántí pé ẹ máa ń sọ pé káún díẹ̀ ló ń sọ líle di rírọ̀. Mo ní ohun tó rí ẹ̀wà mú, ṣé búrẹ́dì ni kò ní rí mú? Ọgbọ́n ará Ìkìrun! Mo gún un kúnná, mo bù ú sí i, mo pò ó, mo gbé e sínú ààrò gáàsì. Funfun ló wọlé.

Nígbà tí mo gbé e jáde, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ ti di elésè àlùkò. Kì í ṣe irú èyí tó ń dán lára aṣọ o. Àwọ̀ ibi tí nǹkan ti gbá ènìyàn ni, tí ẹ̀jẹ̀ kú sí lábẹ́ awọ. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó jìn wọlé, ó sì rọra padà bọ̀ sípò bí ẹran ara. Òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àná, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Bó sì ṣe ń tutù ló ń dúdú sí i lójú mi. Ọkọ mi yọjú wò ó, ó fà sẹ́yìn, ó ní kí n tètè gbé e sọnù kí àwọn aládùúgbò má lọ máa sọ pé àwa Yorùbá ń se nǹkan kan lábẹ́ òrùlé wọn.

Mo ti wé e sínú ọ̀rá nígbà tí Iye wọlé. Wọ́n ní búrẹ́dì àwọn pẹ́ lónìí. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ti gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ti tú u. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n, mo ní àṣìṣe ni, mo ní màá ṣe òmíràn. Wọn ò gbọ́ mi. Wọ́n gbé ẹ̀là kan dání, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó pàdé ẹni mímọ̀ ní ìlú tí kò yẹ kó ti rí i. Omi ń kán láti orí páànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra sọ pé, “Na my leg be dis.”

Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn. Ó ti lẹ̀ mọ́ wọn lára, èmi ni mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tú u. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì, Ìyá mi. Mi ò mọ ohun tó sún mi tí mo fi gbé ẹ̀là búrẹ́dì náà sún mọ́ ọn. Àwọ̀ kan náà ni. Iye ní kò dun àwọn rárá, ìdí nìyẹn tí àwọn ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn rò pé ohun tí kò bá dunni kì í ṣe àìsàn. Wọ́n ní ẹ̀rù tún ń ba àwọn pé dókítà á gé ẹsẹ̀ àwọn.

Ọkọ mi ló gbé wọn lọ sí ọsibítù. Àtàǹpàkò náà ni wọ́n gé. Dókítà ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, gbogbo ẹsẹ̀ ni, tàbí ẹ̀mí. Iye ń fi ọ̀pá rìn báyìí, wọ́n sì ń jágbe mọ́ mi bí mo bá gbàgbé ẹ̀rọ omi ní ṣíṣí.

Mo wádìí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì náà, ẹ mọ̀ mí. Mo da èèpo sáílíọ́mù yẹn sínú abọ́ méjì, mo bu omi sí méjèèjì, mo wá bu káún sí ọ̀kan. Èyí tó gba káún ló yí àwọ̀, bí omi sobo ṣe máa ń yí bí káún bá kàn án. Mo rẹ́rìn-ín, mo sáré lọ sọ fún Iye pé káún lásán ni. Wọ́n ní àwọn ti ń fi káún se ọbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, kò fi ẹsẹ̀ àwọn han àwọn rí. Mo da gbogbo káún ilé nù. Láti ọjọ́ náà, bekin páúdà nìkan ni, búrẹ́dì mi sì ń pọ́n tinú tẹ̀yìn bó ṣe yẹ.

Àfi lánàá. Mi ò fi káún sí i, kò sí káún nínú ilé. Mo là á, elésè àlùkò ló tún jáde, ó sì dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ mi ní èèpo tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni, pé bekin páúdà àti káún jọ jẹ́ ìbátan. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Mo gbé e lọ bá Iye. Wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn méjèèjì níṣojú mi, a wo ẹsẹ̀ wọn láti ìka dé gìgísẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n bi mí pé ìyá tèmi ń kọ́, ṣé àwọn náà máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo sáré wọlé lọ mú ìwé àti bírò.

Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá mi. Mi ò lè fi ẹ̀rín bò ó bíi tiyín. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi pọ̀n mí kọjá odò ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí Ọlọ́run dá a sí, kí ẹ fi rìn wọ ilé mi ní Bìní, kí Iye pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀mí yín á gùn, ojú yín á rí ti Tiwa. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, Tiwa kúnlẹ̀. Ẹ kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Adéọlá, dúró níbí. Má kà á lọ mọ́. Gbé ìwé yìí sílẹ̀, ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kí o sì bá mi bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ Ìyá wa.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò tíì lè jẹ búrẹ́dì náà, tí kò sì tíì lè jù ú nù,
Àbẹ̀kẹ́.