Wá Dúró ní Àyè Ìyá Rẹ

Margriet,

Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún. Ìyá rẹ ti kú lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìgbafẹ́ Abúlé Hóláńdì fún gbogbo wa, òní nìkan ni wọ́n sì wúlò. Mo ti kó àwọn ọmọ rẹ lọ.

Pásítọ̀ Veldkamp ká wa mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Margriet, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn, ẹ fẹ́ lọ gun ẹṣin onígi?"

Mo ní, "Tíkẹ́ẹ̀tì olóògbé ṣẹ́ kù. Ṣé ẹ ń bọ̀?"

Ó wá béèrè bóyá wọ́n ṣì ń fúnni ní wàràkàṣì tọ́ wò níbẹ̀. Ó ti jókòó sínú mọ́tò.

Má bínú pé n kò jí ọ. Àríyànjiyàn àná lórí ìrìn àjò yìí ti tó mi.

Ẹgbẹ́ oníjó ìyá rẹ máa jó níbẹ̀ ní agogo mẹ́ta. Alida ni wọ́n fẹ́ fi sí àyè rẹ̀, ìyá rẹ kò sì fẹ́ràn Alida rárá. Ìwọ nìkan lo mọ ijó náà nílé yìí. Jọ̀wọ́, wá.

Mo fi ìwọ̀nyí sílẹ̀ lórí tábìlì: bàtà onígi rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ nínípọn mẹ́rin tí wàá wọ̀ léra, torí ẹsẹ̀ tìrẹ kéré, àti fìlà funfun rẹ̀, tí n kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀.