Ìyá mi, Ẹ Lọ Wo Eré Bíọ́dún

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Libreville níbí. Mo kí Bàbá Odomẹ̀ta, àbúrò bàbá wa, mo sì kí gbogbo ará ilé tó ń bá yín jókòó láti ìgbà tí ibà ti pa Bíọ́dún àbúrò mi. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sórí ìwé kí Bàbá lè rí i kà fúnra wọn, kí ẹni tó máa jíṣẹ́ mi má baà jẹ́ ẹ ní àbọ̀.

Ara mi le. Òjò níbí kì í dá, ẹ̀rọ la fi ń gbẹ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì tí à ń fọ̀. Mò ń ká aṣọ, mò ń jẹun, mò ń sùn. Ẹkún kò tíì wá. Àwọn ará wa níbí ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n omi yẹn gan-an ni mo fẹ́. Owó tí mo fi ránṣẹ́, ẹ fi jẹun, ẹ má fi pamọ́ dè mí.

Ráfíátù, ọmọ kíláàsì Bíọ́dún, pè mí lórí pọ́tábù. Ó ní Bàbá ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe eré tí wọ́n ń múra rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́, pé òkú ọ̀fọ̀ kì í ṣe ohun eré. Ó ní ẹ̀yin sọ pé ohun tí èmi ẹ̀gbọ́n Bíọ́dún bá wí ni. Mo ní kí ó sọ eré náà fún mi.

Ó ní àwọn ọmọ iléèwé kan gbọ́ pé Ikú ń bọ̀ wá mú wọn. Kíkú kò dùn wọ́n tó ìsìnkú: kò ní sí àgbò, kò ní sí ijó, nítorí ọmọdé ni wọ́n. Ni wọ́n bá ní àwọn yóò di arúgbó kí Ikú tó dé. Wọ́n fi eérú kun irun, wọ́n di ọ̀pá mú, wọ́n ń jà lórí ẹni tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀ jù. Bíọ́dún ló gbó jù nínú wọn, orúnkún ń dùn ún. Ráfíátù ni Ikú. Ó wọlé, ó dúró ṣánṣán, Bíọ́dún sì kọjú sí i: "Ìwọ Ikú, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín?" Ikú dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó wá béèrè ibi tí àwọn ọmọdé wà. Wọ́n júwe ọ̀nà Nàìjíríà, lódìkejì ibodè wa, fún un.

Mo rẹ́rìn-ín, ìyá mi, láàárín aṣọ tútù. Ọ̀gá mi yọjú wò mí.

Mo bi Ráfíátù pé ta ni yóò wá ṣe ti Bíọ́dún. Ó ní kò sí. Wọn yóò fi àga rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ikú yóò wọlé, yóò sì dọ̀bálẹ̀ fún àga náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí.

Mo ní kí wọ́n ṣe é. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ìyá mi, wọn kò jẹ́ kí ẹ bá wọn dé ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àgbàlá kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe ibojì. Ẹ lọ. Ẹ jókòó níwájú. Bí ẹ̀rín bá mú yín, ẹ rín in, ọmọ yín ló pa yín lẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi kí àwọn ará Okpomẹ̀ta tó gbé iṣu wá. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún mi. Ẹ̀yin kò ní gbọ́ òkú mi, èmi ni n ó sin yín. Ṣùgbọ́n kí ó pẹ́ o.

Èmi ni ọmọ yín tó kù,
Rónkẹ́