Ohùn Yín Lọ́sàn-án Gangan

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ojú omi o. Ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ń kí yín. Orúnkún Màámi ti sàn. Wọ́n tiẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá kí mi níbi iṣẹ́, níbi tí a ti ń tẹ́tí sí rédíò àwọn ọkọ̀ ojú omi, lọ́jọ́ tí rédíò wa dàrú.

Ọ̀gá mi ní ìjì ló jà lára oòrùn fúnra rẹ̀, ìyẹn ni ohùn ibùdó tòsí fi ń pòórá, tí tọ̀nà jíjìn ń wọlé lọ́sàn-án gangan. Lójijì la gbọ́ ohùn yín: "Màámi! Màámi!" Ó sì parẹ́.

Màámi dìde. "Ọmọ mi, mo wà níbí o!"

Mi ò lè sọ fún wọn pé ẹ̀rọ wa kì í sọ̀rọ̀, gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá jókòó tì í báyìí.

Kí Olúwa gbé yín délé layọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì: kí lẹ fẹ́ sọ?

Àbúrò yín