Ìṣù Ẹ̀tù Kẹta: Ìwé Ìhágún Twyla Jean Ostrander

Èmi, Twyla Jean Ostrander, tí wọ́n ń pè ní Twyla Haskett títí di oṣù kẹfà ọdún yìí tí Garrick gbé mi níyàwó, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wẹ́dà ní Tule Wells ní Nevada, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ara mi le, orí mi pé, kò sì sí ẹni tó fipá mú mi, àyàfi òfin ẹgbẹ́ wa. Bàbá Virgil Teague, olórí àwa tí a ń dá ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe nílé, ti là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ dán ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju gbogbo èyí tó ti ṣe rí lọ wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ìwé ìhágún. Wọ́n á kà á tán kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí tí a fi ń taná sí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá jókòó pín ẹrù ẹ̀, á rántí ohun tó gbójú fò." Sátidé yìí ni tèmi.

Ìwé kẹjọ ni mo kà dé, nítorí náà kí ẹ fojú fo àṣìṣe. Garrick, ìwọ ni mo fi ṣe alámòójútó ogún mi. Rọra kà á, má sì rẹ́rìn-ín níwájú èèyàn.

Èkíní. Ilé wa di ti Garrick, pẹ̀lú ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tó ń há. O ní ọ̀la lo máa tún un ṣe, ọkọ mi. Ọ̀la yẹn ti pé oṣù mẹ́ta.

Èkejì. Ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun tí ìyá ọkọ mi, Màmá Lorna, fi ta wá lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, kí ẹ dá a padà fún wọn pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Màmá, ẹ̀tù rọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń pò. Ohun tó bá ti po ẹ̀tù kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ mọ́ láyé. Kéèkì tí ẹ yìn lọ́jọ́ ìbí Garrick, tí ẹ ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yẹn mọ́ ẹ lọ́wọ́ o," ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á. Mo kàn fi fọ́ọ̀kì ha ara rẹ̀ kó lè jọ tilé.

Ẹ̀kẹta. Juniper, ajá mi, mo fi í sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi Rowena. Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ní ibi ìgbéyàwó mi pé obìnrin tó ń po ẹ̀tù kì í pẹ́ nílé ọkọ, a ò tíì bára wa sọ̀rọ̀. Mo ṣì wà nílé ọkọ o. Juniper kì í bẹ̀rù ààrá, kí ẹnikẹ́ni ka nǹkan sẹ́yìn ló ń bẹ̀rù. Tí ó bá gbọ́ "márùn-ún, mẹ́rin," abẹ́ ọkọ̀ ló ń wọ̀.

Ẹ̀kẹrin. Ẹ̀rọ wẹ́dìn mi àti gbogbo irinṣẹ́ di ti ẹgbẹ́. N kò fún Bàbá Teague ní nǹkan kan, torí wọ́n ní ẹni tó jogún kò lè ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì hàn lójú wọn pé ó dùn wọ́n. Páráṣúùtì olómi ọsàn tí mo fọwọ́ rán, ti Garrick ni. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé e já bọ́ sínú pápá bàbá rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó gbé e wá bá mi, ó ní, "Ṣé tìẹ nìyí? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa akọ màlúù wa. Ìwọ fúnra ẹ máa wá bẹ̀ ẹ́." Mo tẹ̀ lé e, mo sì bẹ akọ màlúù náà. Báyìí ni mo ṣe dé ibi tí mo wà.

Ẹ̀karùn-ún. Ẹ́ńjìnnì tuntun náà. Páìpù rẹ̀ di ti ẹgbẹ́, àti ìṣù ẹ̀tù kìíní, èkejì àti ẹ̀kẹrin tó wà nínú rẹ̀.

Ìṣù kẹta. Mo ti mu tíì ife méjì kí n tó lè kọ èyí.

Ìṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn bákan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ̀n wọ́n, ẹ̀kẹta fi ìwọ̀n ẹyin kan fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀. Bí iná bá dé ibẹ̀, yóò jó ju bí páìpù ṣe lè gbà lọ, páìpù á sì fọ́ káàkiri. Lọ́jọ́ tí mò ń dà á, ó yẹ kí n máa gbọn agolo tí mo dà á sí títí afẹ́fẹ́ á fi jáde. Garrick wọlé, ó sì dì mọ́ mi láti ẹ̀yìn. N kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò mi pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Màmá Lorna ti wà lójú ọ̀nà láti Montana tí wọ́n ń gbé báyìí, ìrìn ọjọ́ méjì. Garrick sì ti sọ fún gbogbo ibi iṣẹ́ wọn pé ẹ́ńjìnnì ìyàwó òun á mi fèrèsé. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ síbí pé bí mo bá kú, kí Garrick jogún èyí tó kù, ni mo wá rántí pé òun ló ń ya fọ́tò, ó sì máa ń sún mọ́ iná ju bí a ti ní kó ṣe lọ. Ta ni yóò wá jogún ta ni?

Nítorí náà, n kò fi ìṣù kẹta sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹgbẹ́ sun ún nínú kòtò. Ní Sátidé, èmi tí n kì í lè sọ ohun tí mo fẹ́ jẹ nílé oúnjẹ láìnàka sí i, màá dìde níwájú Màmá àti gbogbo ẹgbẹ́, màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Garrick, jọ̀ọ́, dúró tì mí.

Bíró ni mo fi kọ ọ́, kí n má baà lè pa á rẹ́.

Mo fọwọ́ sí i ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án, ọdún 2018.
Twyla Jean Ostrander

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Maite Etcheverry, aládùúgbò.
Virgil Teague. Mo ti kà á. N kò fún un ní kọ́kọ́rọ́. Kí ó da ìṣù mìíràn lóṣù tó ń bọ̀, kí ọkọ rẹ̀ sì dúró síta.