Àkàlà Ké, Òjò Kò Rọ̀

Bólúwadúró ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ẹ̀yìn òkè Ìgbẹ́tì. Ọjọ́ kejìlá rèé tí o kò gbé ìpè mi, òun ni mo ṣe fi ìwé yìí rán awakọ̀ Ṣakí sí ọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbàdo tó kú ni. Èmi ni mo ní àkàlà ti ké lórí igi osè, pé kí o gbìn ín. Ohun tí bàbá bàbá rẹ ń tẹ̀ lé nìyẹn, bí ó bá ti ké, òjò kì í pẹ́ rọ̀ nígbà náà. Ẹyẹ ké lóòótọ́, òjò ni kò mọ ìgbà tirẹ̀ mọ́.

Àkàlà mẹ́ta péré ló kù tí mò ń ṣọ́ níbí. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ gé igi osè tí ẹyẹ náà ń bà lé, nítorí òjò tí kò rọ̀. Ọ̀kan ní, "Ìyá ẹlẹ́yẹ, ẹ sọ fún òpùrọ́ yín kó fi iṣẹ́ òjò sílẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì jókòó sídìí igi náà.

Ara mi le. Ọ̀pá tí mo fi ń rìn, oge lásán ni. Omi ń tó èmi àti ẹyẹ.

Ṣé ẹ̀ ń jẹun? Bí àkàlà bá tún ké, mi ò ní sọ pé kí o gbìn. Ṣáà gbé ìpè.

Bá mi kí Níkẹ́ àti àwọn ọmọ.

Ìyá rẹ.