Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Kidzingoni àti Ràkúnmí Tó Wà ní Àtìmọ́lé

Èmi, Jefwa Mwarandu Tsofwa, ọmọ Kidzingoni létí òkun Kẹ́ńyà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe olùṣọ́ ọgbà etíkun ìjọba, ni mo ní kí a kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi kò pé mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró kọ́ ni mo fi ń ronú. Gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú, pàápàá èyí tí mo fi ìbínú ṣe lọ́jọ́ tí Ngowa àkọ́bí mi ta kẹ̀kẹ́ mi, mo fagi lé wọn.

Mbeyu ọmọ mi obìnrin àti Chivatsi Kombe, ọ̀tá mi tímọ́tímọ́, ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ. Mo yan Chivatsi nítorí pé kò ní purọ́ láti fi yìn mí.

1. Ilé tí mò ń gbé, pẹ̀lú kànga àti igi àgbọn mọ́kànlá, di ti Kadzo ìyàwó mi títí yóò fi wá bá mi. Kadzo, má kánjú o. Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ọ lo ti ń sọ pé, "Baba Ngowa, òkun lo fẹ́, èmi kàn ń bá ọ se oúnjẹ ni." Irọ́ ni. Ìwọ ni mo fẹ́. Òkun kàn máa ń gbọ́ràn jù ọ́ lọ ni.

2. Fèrè mi, réèkì mi àti fìlà iṣẹ́ mi di ti Mbeyu, tó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn mi. Réèkì wà fún ìdọ̀tí. Fèrè wà fún àwọn tó ń gun ẹ̀yìn ìjàpá òkun láti ya fọ́tò. Kí ó má fọn ún fún àwọn tó ń fẹnu konu. Àwọn yẹn kì í ba yanrìn jẹ́.

Níbí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo gba iṣẹ́, lẹ́tà dé láti olú-ìlú pé kí n máa ṣí ọgbà láago mẹ́fà, kí n máa tì í bí ilẹ̀ bá ṣú. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà tí oòrùn bá yọ ni a ti ń ka aago: ohun tí òyìnbó ń pè ní aago méje, aago kan ni à ń pè é. Aago mẹ́fà tiwa, ọ̀sán gangan ni. Nítorí náà, ọ̀sán gangan ni mo ń ṣí i, fún ọdún mọ́kànlá gbáko. Àwọn àlejò á dúró lẹ́nu géètì láti òwúrọ̀, wọ́n á máa ṣépè. Èmi á ní, "Ẹ ní sùúrù, òfin ni." Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tẹ yanrìn mọ́lẹ̀ láàárọ̀, ẹyin ìjàpá sì ń pa, àwọn ọmọ wọn ń rọra wọ́ lọ sókun láìsí ìyọnu. Wọ́n pọ̀ débi pé ìjọba kọ ìwé ìyìn sí mi fún ọgbọ́n inú mi. Ọgbọ́n kọ́ o, aago ni! Mo fi ìwé ìyìn náà sílẹ̀ fún àwọn ìjàpá. Mbeyu, má jù ú sókun, ìdọ̀tí ni.

3. Ràkúnmí tó ń jẹ́ Waziri. Kì í ṣe tèmi. Ọdún méjìlá sẹ́yìn ni mo mú un, nítorí pé ó yàgbẹ́ sórí ibi tí ìjàpá yé sí. Mo ní kí Chivatsi tó ni ín tọrọ àforíjì, kí n dá a sílẹ̀. Chivatsi ní, "Ṣé èmi ni mo yàgbẹ́ ni? Kí ràkúnmí tọrọ àforíjì fúnra ẹ̀." Láti ìgbà náà ni Waziri ti wà ní àtìmọ́lé lẹ́yìn ilé mi, tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ Kadzo. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Chivatsi ń wá wò ó. A ó jọ mu ẹmu àgbọn, kò sẹ́ni tí yóò dárúkọ ràkúnmí. Mo pàṣẹ pé kí a dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá kú, bí Chivatsi bá tọrọ àforíjì lórí ìwé.

4. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Etíkun jẹ́ ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó kù tó wọ ibẹ̀, orí ilẹ̀ mi kan tó yàtọ̀ sí ti ilé ló gbà. Àwọn onílé ìtura ti fi ògiri dí ìyókù. Ọkùnrin olówó kan fẹ́ ra ilẹ̀ yìí kí ó mọ ògiri tirẹ̀ náà. Bí ó bá mọ ọ́n, inú kàlẹ́ńdà ni ará Kidzingoni yóò ti máa wo òkun, ọmọ tí a kò tíì bí yóò sì máa bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ń hó lẹ́yìn ògiri yẹn. Agbẹjọ́rò ní n kò lè fi ọ̀nà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, pé gbogbo ènìyàn kì í ṣe orúkọ. Ó dáa. Mo fi ọ̀nà àti ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún Ngowa, àkọ́bí mi.

Ẹ má pariwo. Mo mọ̀ pé òun àti ọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀. Mo wà lórí àga mi, wọ́n rò pé mo sùn. Ọkùnrin náà bi í pé, "Ṣé kò sí sàréè níbẹ̀? Èmi ò kì í ra ilẹ̀ tí òkú bá wà o." Ngowa ní, "Rárá o, ọ̀gá mi. Ẹyọ kan ò sí." Òótọ́ ló sọ, lọ́jọ́ náà.

5. Ìsìnkú mi. Kí ẹ sin mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn, níbi tí ògiri ọ̀hún ìbá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ri òpó ìrántí mi, igi tí a gbẹ́ ní àwòrán mi, mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àwọn baba wa tó ti kú máa ń wá béèrè òpó lójú àlá àwọn ọmọ wọn. Èmi ń béèrè tèmi báyìí kí n má baà da oorun yín rú. Gbogbo ọmọ Giriama, ẹ̀yà wa, ló mọ̀ pé òpó tí a bá ti rì, a kì í hú u. Ibẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi jẹrà. Chivatsi ló gbẹ́ tèmi. Imú òpó náà tóbi ju tèmi lọ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ngowa ọmọ mi, tìrẹ ni ilẹ̀. Tà á, bí o bá rí ẹni rà á. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ọ̀nà yẹn ni mo gbé ọ gbà lọ wo ọmọ ìjàpá. O sunkún títí pé ká mú u relé. Mo fẹ́ kí ọmọ ọmọ rẹ náà rí ibi tí yóò ti sunkún. Mo fẹ́ràn rẹ o, má bínú sí mi.

Ìwọ kò sì ní ṣe wàhálà gbígbẹ́ ilẹ̀. Ihò tí mo ní kí o gbẹ́ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí o ń súfèé bí o ti ń gbẹ́ ẹ, tí o rò pé ti ìpìlẹ̀ géètì ọkùnrin yẹn ni, òun náà ni. Mo ti wọ inú rẹ̀ wò. Ó gbà mí dáadáa. Fi páànù bò ó kí ewúrẹ́ má baà kó sí i. O ṣeun.

Mo fọwọ́ sí i ní Kidzingoni, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2011, láago mẹ́ta àárọ̀, aago tiwa.

Jefwa Mwarandu Tsofwa

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Dama Kalume, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Kidzingoni.

Ẹlẹ́rìí kejì: Chivatsi Kombe, àtẹ̀ka. Ó ní kí a kọ ọ́ síbí pé òun tọrọ àforíjì lórúkọ ràkúnmí, àti pé bí imú yẹn ṣe rí gan-an nìyẹn.